Ẹ̀rọ Ń Ka Wákàtí Dẹ́rẹ́bà, Ta Ló Ń Ka Ti Ilé Ìkẹ́rùsí?

Ní Amẹ́ríkà, dẹ́rẹ́bà tírélà akẹ́rù kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó lọ sinmi. Wákàtí 11 yẹn sì gbọ́dọ̀ wọ inú wákàtí 14 tí wọ́n ń kà láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsinmi wákàtí 10 gbáko ló kàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ gbogbo èyí sínú ìwé. Dẹ́rẹ́bà á mú bírò, á fa ìlà: ibí ni mo ti wakọ̀, ibí ni mo ti sùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa rí. Bírò kì í bá èèyàn jiyàn. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbé ìwé méjì dání, ọ̀kan fún ọlọ́pàá, ọ̀kan fún ara wọn.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2017, òfin ní kí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lọ gba ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ELD. Kọ̀ǹpútà inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n so ó mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tó máìlì 5 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ á kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lójú títì. Ó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Dẹ́rẹ́bà lè kọ àlàyé sí i, àmọ́ kò lè gé àkókò tí ẹ̀rọ ti kọ pé ó fi wakọ̀ kù. (Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wà ṣáájú ọdún 2000 bọ́ nínú ẹ̀.)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n dá ìwé padà. Àmọ́ ṣé ìjàǹbá dín kù? Alex Scott, Andrew Balthrop àti Jason Miller yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n rí i pé títẹ òfin wákàtí lójú dín kù gan-an, ṣùgbọ́n wọn ò rí i pé ìjàǹbá dín kù. Ní àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, ẹ̀sùn eré àsápajúdé tiẹ̀ pọ̀ sí i ni.

Kí ló dé? Ẹ tẹ̀ lé owó. Iye máìlì tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà bá rìn ni wọ́n ń san owó lé lórí. Ó dé ilé ìkẹ́rùsí láàárọ̀, wọ́n ní kó dúró. Wákàtí kan, méjì, mẹ́rin. Kò gba kọ́bọ̀, aago 14 rẹ̀ sì ń lọ. Nígbà ìwé, á kọ ọ́ pé òun sùn, á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní báyìí tí irọ́ ò ṣeé pa mọ́, ẹsẹ̀ ló kù tó lè fi tẹ iná mọ́tò. Lọ́dún 2018, ọ́fíìsì alábòójútó iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba wọn ṣírò ẹ̀ pé tí ìdúró níbi ẹrù bá fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ sí i, ìjàǹbá tí wọ́n ń retí á fi ìdá 6.2 nínú 100 lọ sókè. Ìṣẹ́jú 15 péré o!

Ọ̀rọ̀ oorun náà tún wà ńbẹ̀. Ara èèyàn ní aago tiẹ̀, òru ló ń fẹ́ sùn. Ìsinmi wákàtí 10 tó bọ́ sí ọ̀sán gangan, nínú ariwo pápá ìgbọ́kọ̀sí, kì í ṣe ẹgbẹ́ oorun òru rárá, àmọ́ ọgbọọgba ni ẹ̀rọ kà wọ́n.

Èmi ò rò pé ẹ̀rọ la fẹ́ bá wí. Ohun tó ti mọ̀ ni wọn ò lò. Bí tírélà bá dé géètì ní aago 8 àárọ̀ tí kò kúrò níbẹ̀ títí di aago 1 ọ̀sán, ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ kedere. Kí wọ́n yọ wákàtí kan tàbí méjì tí wọ́n nílò láti já ẹrù kúrò, kí wọ́n sì fi bílì ìyókù ránṣẹ́ sí onílé ìkẹ́rùsí.