Ẹ Má Fọ́ Gìtá Ọmọ Yẹn Mọ́

Mo fẹ́ bá ẹnì kan jà lónìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ka ìwé yìí, yóò mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Ẹgbẹ́ mi ni, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta níbí. Ó gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́ yángá. Ó ní òun ò bí alágbe. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, níbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ wa, ta ni mo rí tó ń lẹ owó mọ́ onígìtá níwájú orí? Òun náà ni! Ẹ gbà mí o.

Gìtá yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àpótí pákó kékeré ni ikùn rẹ̀, ó tọrọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà fi ṣe ọrùn, ó sì tú wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ sí fọ́nrán-fọ́nrán fi ṣe okùn mẹ́ta. Ó ń dún! Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Ní Amẹ́ríkà, àpótí tí wọ́n ń kó sìgá ńláńlá sí làwọn tálákà fi ń ṣe irú rẹ̀. Carl Perkins, tó kọ "Blue Suede Shoes" ní 1955, bàbá rẹ̀ ló fi àpótí sìgá àti igi ìgbálẹ̀ ṣe gìtá àkọ́kọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ oko olóko ni wọ́n ń ro. Kí la fẹ́ lọ jìnnà sí? I.K. Dairo tiwa, tí ìjọba òyìnbó fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá yẹn gbẹ́ ìlù fún un. Bàbá kan ń kàn án, bàbá kan ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àwa Ẹ̀gbá tí a jó sákárà Yusuf Olatunji títí bàtà fi já, ṣé ṣọ́ọ̀bù la ti ra gòjé ni? Igbá ni, wọ́n fi awọ bò ó, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Kó kàwé ná." Ìwé wo? Bí okùn gìtá bá gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní 30 yóò gbọ́ ohùn kan náà, ṣùgbọ́n tó ròkè. Ní 20, ìyẹn ìdá mẹ́ta, ohùn mìíràn ni. Ní 15, ìdá mẹ́rin, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀. Ọmọ yẹn ti fi rúlà wá gbogbo rẹ̀, ó fi bírò sàmì sí i. Ìṣirò tí wọ́n nà mí lẹ́gba lé lórí títí mi ò fi mọ̀ ọ́n nìyẹn o! Òun ni ẹgbẹ́ mi fẹsẹ̀ tẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ náà wá bá mi. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ní àpótí tí ẹ ò lò mọ́?" Mo da ìwé inú tèmi sílẹ̀, mo gbé e fún un. Ilé mi ló wà báyìí, ibẹ̀ ló ti ń kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ eléyìí, kó kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn mi.