Ẹ Má Gba Ohun Tí Kò Ṣeé Kà Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ mú káàdì oògùn kan nílé, kí ẹ wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí i kíá, ẹ dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò yí i síbí, yí i sọ́hùn-ún, tí yóò gbé e sún mọ́ iná, kó tó rí nọ́ńbà wínníwínní tí wọ́n fi irin tẹ̀ sí etí rẹ̀ láìsí yíǹkì kankan. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà níwájú gàdàgbà, ó ń dán. Ohun tó lè gbani là tàbí kó pani ni wọ́n fi sí kọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí a fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí a ti fojú kéré jù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà, àwòrán àti àwọ̀ sórí ohun tí à ń lò lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni. Rárá o. Ètò lẹ́tà tí kò dára ń fi ìbò olùdìbò ṣòfò, ó ń mú kí aláìsàn gbé oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ mì, ó sì ń sọ ọ̀mọ̀wé di púrúǹtù níwájú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó tò ó ní ìtòkutò ti gbowó rẹ̀ lọ. Àwa tí à ń lò ó là ń jìyà rẹ̀.

Ẹ wo ìwé ìdìbò. Nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 2019, àmì ẹgbẹ́ 73 ni wọ́n kó sórí ìwé kan ṣoṣo. Kò sí orúkọ olùdíje níbẹ̀, kò sí fọ́tò. Àmì ẹgbẹ́ àti lẹ́tà bíi mẹ́ta nìkan ni, tí wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ. Ìyá kan tó ti wà lórí ìlà látàárọ̀, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ni wọ́n ká irú ìwé yìí lé lọ́wọ́ pé kó lọ tẹ̀ka. Àyè tí ìka yóò bọ́ sí kò tó nǹkan. Bí tàdáwà bá kan àpótí ẹgbẹ́ méjì, ìbò lè bàjẹ́ nìyẹn. Ìbò 1,289,607 ni INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, dà nù lọ́dún náà. N kò sọ pé ètò ìwé nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ sọ nípa ẹgbẹ́ PCP, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó sì ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìbò 110,196? Ó fi ẹ̀yìn àwọn olùdíje tí gbogbo ayé rí lórí tẹlifíṣọ̀n janlẹ̀. P ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, P ló parí rẹ̀, bíi ti PDP, ẹgbẹ́ ńlá tí gbogbo wa mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè wọnú ọkàn olùdìbò, àmọ́ èmi gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìka wọ̀nyẹn ṣìnà ni.

Lẹ́yìn ìgbà náà, INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74, títí kan àwọn tí kò sí lórí ìwé yẹn, ó wá ku 18 lórí ìwé ọdún 2023. Ìyẹn dára, ó sì mú kí ìwé fúyẹ́. Síbẹ̀, ìbò tó lé ní 900,000 ni wọ́n tún dà nù. Àwa ará Ọ̀ṣun sì mọ ohun tí ìbò díẹ̀ lè ṣe. Lọ́dún 2018, tí ẹgbẹ́ 48 du ipò gómìnà, ìbò 482 péré ló wà láàárín ẹni tó di gómìnà àti ẹni tó tẹ̀lé e.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Amẹ́ríkà tó láwọn ti gòkè àgbà. Lọ́dún 2000, ẹni tó ṣètò ìwé ìdìbò ní Palm Beach, ní Florida, fẹ́ kí lẹ́tà tóbi kí àwọn arúgbó lè rí i kà. Ète rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà tóbi, orúkọ kò gba ojú ìwé kan mọ́, ló bá pín wọn sí apá ọ̀tún àti apá òsì, ó wá fi ihò tí wọ́n máa lu sí àárín. Nínú àwọn tó ń du ipò ààrẹ, Gore ni orúkọ kejì lápá òsì, àmọ́ ihò kejì jẹ́ ti Buchanan tó wà lápá ọ̀tún. Buchanan rí ìbò 3,407 he ní àgbègbè yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tòun. Ìbò 537 ni Bush fi gba gbogbo Florida, Florida ló sì sọ ọ́ di ààrẹ. Ibi tí wọ́n gbé ihò sí lórí ìwé pélébé kan lọ́wọ́ nínú ẹni tó jókòó sí White House.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ INEC kò le. Kí wọ́n tó tẹ ìwé ìdìbò tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ sí ọjà Bódìjà, sí gáréèjì, sí abúlé, kí wọ́n fún àwọn tí kò kàwé àti àwọn tó ń lo awò ojú, kí wọ́n sọ fún wọn pé, “Ẹ tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ báyìí.” Bí ìka bá ṣìnà, ìwé ló jẹ̀bi. Kí wọ́n lọ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oògùn, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ẹni kan wọ kẹ́mísì, hóró mẹ́rin ló lówó rẹ̀ nínú káàdì tó ní mẹ́wàá. Olùtajà fa sísọ́ọ̀sì yọ, ó gé e fún un. Orúkọ oògùn bá apá kan lọ, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kù sára apá kejì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ óò rí àwọn àjákù káàdì bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ àwọn òbí wa, tí kò lórúkọ, tí kò lọ́jọ́, tí wọ́n á sì máa lò ó nítorí pé “funfun ni èyí tí dókítà fún mi níjọ́sí.” Bí ilé iṣẹ́ bá tẹ orúkọ àti ọjọ́ náà sẹ́yìn hóró kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú yíǹkì dúdú, sísọ́ọ̀sì kankan kò ní lè yà wọ́n. Àwọn kan ti ń ṣe é. Kí ló dé tí àwọn yòókù kò lè ṣe é?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ wo artemether-lumefantrine, oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀. Nínú ọ̀kan lára irú rẹ̀, hóró 24 ni àgbàlagbà ń lò, mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn páálí rẹ̀ kan wà tí wọ́n pín hóró náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ya oòrùn fún ti àárọ̀, wọ́n ya òṣùpá fún ti alẹ́. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè lò ó bó ṣe yẹ. Ní Amẹ́ríkà, Deborah Adler tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà rí i pé ìyá rẹ̀ àgbà gbé oògùn ọkọ rẹ̀ mì nítorí pé ìgò méjèèjì jọra. Ó tún ìgò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: ara rẹ̀ tẹ́jú kí lẹ́tà lè gbòòrò, orúkọ oògùn wà lókè pátápátá, òrùka àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Lọ́dún 2005, àwọn ilé ìtajà Target bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló rò ó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó ni kò sí. Àkọlé tó dára jù láwọn àdúgbò wa ni èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri, pé ilé yìí kì í ṣe títà. Lẹ́tà ńlá, ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí òjìji. Ẹni tó wà lódìkejì títì ti rí i. Dánfó Èkó náà ńkọ́? Yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì, kò sí ọmọ tí yóò ṣì í mọ̀. Àsíá Nàìjíríà tí Taiwo Akinkunmi yà nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní London ní oòrùn pupa láàárín tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ oòrùn náà kúrò, ó wá ku àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé, tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè yà. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ló mú un wúlò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólù àti Mọ́kọlá, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti CorelDRAW títí ilẹ̀ fi ń mọ́, mo mọ̀ pé oníbàárà ló ń ní kí ẹ fi orí ogún èèyàn àti oríṣi lẹ́tà mẹ́sàn-án sórí pósítà kan. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, kí ẹ rìn sẹ́yìn níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ ní kó kà á. Tó bá jẹ́ ìkìlọ̀ fún ará ìlú lédè Yorùbá ni, ẹ fi àmì sórí lẹ́tà àti sábẹ́ rẹ̀. Noto tí Google ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ gba gbogbo àmì wa láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ san owó tó yẹ, kí ẹ fún wọn láyè.

Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ sọ fún NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, pé a fẹ́ yíǹkì lára ọjọ́ oògùn. Bí ẹ bá sì dé kẹ́mísì lọ́la, tí wọ́n gé káàdì fún yín láìsí orúkọ, láìsí ọjọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a padà, kí ẹ dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi fún yín ní èyí tó ṣeé kà.