KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ LỌ́WỌ́ TA?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú làálàá, ẹ̀yin awakọ̀ tí ń ná ojú ọ̀nà Ìdìrókò sí Òwódé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń jí kí àkùkọ tó kọ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbárá àti Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, kí ó ní ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni irin iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà dá ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 10 yìí ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì tí ó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa. Ètò ìdarí ni: òun ni ó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun, tí ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, bí ọ̀gá gáréèjì ti ń pín ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà. Bí ìtọ́jú bá ti dúró, kò sí ẹni tí yóò máa dí ihò tí olè lè gbà wọlé mọ́, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Wọ́n ní kí a lọ sí Windows 11. Ṣùgbọ́n Windows 11 kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń lò níhìn-ín kò kún ojú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rọ ń tàn, ó ń kọ̀wé, ó ń ṣírò, síbẹ̀ wọ́n ní ó ti kú.

Nítorí èyí, àwọn kan dá a lábàá pé kí a fi owó ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Àwa tí a kọ ìwé yìí ta kò ó. Owó tí awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ fi òógùn ojú dá kò yẹ kí ó lọ sí orí òkú tí kò kú. Ètò ìdarí mìíràn wà tí a lè gbé sórí ẹ̀rọ kan náà, láìsan kọ́bọ̀ fún àṣẹ ìlò rẹ̀. Linux ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó nìkan ni a fi ń pariwo. Nítorí kọ́kọ́rọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní iléèwé gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí ó máa ń há bébà. Richard Stallman, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, mọ ohun tí a lè ṣe: kí a tún ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà kọ, kí ó lè máa kéde nígbà tí bébà bá há. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ àtijọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ètò ẹ̀rọ tuntun yìí pa. Nígbà tí ó tọ ẹnì kan tí ó ní àkọsílẹ̀ ètò náà lọ, ẹni náà kọ̀, ó ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin rẹ́wáyà, ẹ mọ irú ìbínú yẹn: ẹ mọ àrùn, ẹ mọ oògùn rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ní 1983, Stallman kéde pé òun yóò kọ ètò ìdarí tí kò ní títì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé àṣẹ kan tí ó jáde ní 1989. Ìwé náà fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ mẹ́rin: kí o lò ó fún iṣẹ́ tí ó wù ọ́, kí o ṣí i wò bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí o tún un ṣe, kí o sì fún ẹlòmíràn, bí o ti gbà á tàbí bí o ti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá sì pín in fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ kan náà lé e lọ́wọ́. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ ọkàn ètò tí a ń pè ní Linux. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ yẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ kárí ayé ti ń fi ọwọ́ kún un.

Àwọn kan yóò ní, "Ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ó lè dára nínú rẹ̀?" A dá wọn lóhùn pé fóònù Android tí wọ́n fi ń pe ìyàwó wọn, ọkàn Linux ni ó wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tí ó yára jùlọ láyé nínú ìwé tí wọ́n fi ń tò wọ́n ni ó ń lo Linux. Àwọn jandámù ilẹ̀ Faransé ti ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn láti 2008. Omi òjò náà, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ẹ gbọ́ èyí ní pàtàkì. Ní ilẹ̀ Poland, ní 2022, àwọn ọkọ̀ ojú irin kan tí ilé-iṣẹ́ Newag ṣe lọ sí gáréèjì tí kì í ṣe ti Newag fún ìtọ́jú. Wọ́n tún wọn ṣe tán, ọkọ̀ kọ̀, kò gbéra. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, iná kò já. Wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà tú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí ní gbangba: nínú ètò ọkọ̀ náà ni a ti kọ ọ́ pé bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní gáréèjì àwọn kan tí kì í ṣe ti Newag, kí ó má gbéra mọ́. Newag ní irọ́ ni, àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní dá ẹjọ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Poland. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí ètò náà bá ti ṣí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohun tí a ń jiyàn lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́ yóò kàn ṣí i wò ni.

Bí Poland bá jìnnà sí yín, ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gbé epo bẹntiróòlù wá sí ìlú tí ó wà láàrin kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Èyí sì kan àwa ará Ìpókíà. Ẹnubodè Ìdìrókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ìjọba ní tìtorí àwọn onífàyàwọ́ ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí kò ṣe fàyàwọ́ rí, ìyà kan náà ni ó jẹ. A jìyà àṣẹ tí kò sí ẹnì kan nínú wa níbi tí wọ́n ti pa á. Bí nǹkan ti rí nìyẹn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ta ni nínú wa tí ó ti jẹ irú ìyà yìí, tí yóò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú ń sùn. Ní 2007, wọ́n fẹ́ kó kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 wá fún àwọn iléèwé Nàìjíríà. Mandriva, irú Linux kan láti ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti fẹnu kò sí. Lójijì, àwọn tí ń kó ẹ̀rọ náà wá ní àwọn yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n àwọn yóò yọ ọ́, àwọn yóò fi Windows sí i. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ní gbangba sí ọ̀gá Microsoft, ó bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn yìí. Àwọn oníròyìn gbé e jáde pé Microsoft ń bá àwọn akẹ́rùwálé náà sọ̀rọ̀ lórí 400,000 dọ́là, owó tí wọ́n pè ní ti ìpolówó. Microsoft ní àwọn kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Nígbẹ̀yìn, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ Universal Service Provision Fund, tí owó rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà, sọ pé Mandriva ni àwọn fẹ́. Ẹ bi ara yín: bí Linux kò bá wúlò, kí ni ẹnikẹ́ni ń wá tí ó fi ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà ọmọ iléèwé?

Wọ́n tún ń sọ pé àwọn ará Linux kò ju oníjà lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń jà. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum, tí Torvalds ti ka ìwé rẹ̀, sọ ní gbangba pé Linux ti di ohun àtijọ́. Ọmọ iléèwé náà sì dá a lóhùn, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe Debian, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ní òfin ẹgbẹ́, wọ́n sì ń dìbò yan olórí lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí àwa náà máa ṣe. Ní 2014, wọ́n jà lórí systemd, ètò tí ń jí àwọn iṣẹ́ inú ẹ̀rọ. Ìjà náà le débi pé àwọn kan bá tiwọn lọ, wọ́n dá Devuan sílẹ̀. Ẹ wo èyí dáadáa: wọ́n lọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ tí wọ́n ti jọ ṣe dání, kò sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ wo ni ó kúrò ní ilé-iṣẹ́ rí tí ó gbé ẹ̀dà ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ sílé?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ti mọ̀ ọ́n lò, ọ̀rọ̀ kàn yín o. Ẹ ń jókòó lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ń jiyàn bóyá Fedora ni ó dára tàbí Mint, nígbà tí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ tí a tì pa. Ẹ jiyàn, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ bàbá yín bí a ti ń tan ẹ̀rọ.

A kò sì ní tan yín. Àwọn ètò ìṣirò kan wà tí orí Windows nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn olówó náà ń jẹ nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí: ní 2019, IBM san 34 bílíọ̀nù dọ́là ra Red Hat, ilé-iṣẹ́ tí ń fi Linux ṣòwò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tún ètò ṣe kò rí owó oṣù gbà. Ní 2024, ẹnì kan tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lójúkojú lo àárẹ̀ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọdún méjì ṣe bí olùrànlọ́wọ́, ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ètò kan tí ń jẹ́ xz. Andres Freund ṣàkíyèsí pé ìwọlé sórí ẹ̀rọ fi díẹ̀ falẹ̀, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó tú u fó. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó ṣí sílẹ̀, ojú ẹnì kan ṣoṣo lè gba gbogbo ayé là. Èkejì, ẹni tí ń tọ́jú kànga ìlú, kí ìlú máa bọ́ ọ.

Ti èdè náà ń kọ́? Ẹ̀yà Ànàgó àti Ẹ̀gùn ni ó pọ̀ ní ìlú wa. Ta ni nínú àwọn oníṣòwò ńlá tí yóò jókòó kọ ètò ìdarí ní Ẹ̀gùn fún ará Ìpókíà? Nínú ètò tí ó ṣí sílẹ̀, a kò ní láti tọrọ àyè. A lè túmọ̀ rẹ̀ fúnra wa, kí àwọn ẹbí wa ní Ìgólò àti Àjàṣẹ́ náà lò ó.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè ní ìpàdé gbogbogbòò nìyí. Èkíní: kí a má ra kọ̀ǹpútà tuntun. Kí a gbé Linux sórí ọ̀kan nínú méjèèjì, kí a lò ó fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí a ṣe ìkejì. Èkejì: kí a kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì àti rẹ́wáyà wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ kọ́. Ẹ̀kẹta: kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí a kò ná, kí a fi ran àwọn tí ń tún ètò náà ṣe lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe kókó jùlọ: nígbàkigbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tàbí ọlọ́kọ̀ bá kó ẹ̀rọ tuntun wá, kí aṣojú wa bi í níwájú tábìlì pé, "Ta ni ó ní àṣẹ láti tún un ṣe?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé àlejò láti òkè òkun nìkan ni, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa láìfún wọn ní ìwé ìdádúró.

Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ dìbò. Ẹni tí ń fi irin ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí ó mọ inú irin.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa!