Eré Ọkọ̀ Wà Lódìkejì Odò

Bí àlejò bá dé láti Èkó tàbí Ìbàdàn sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Thamesmead, ní London, ààfin ọba àti ọjà Oxford Street ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ wò. Bó bá jẹ́ àkókò oòrùn ló dé, ó yẹ kí wọ́n mú un lọ wo eré ọkọ̀ tó wà lódìkejì odò, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé dání.

London E-Prix lorúkọ eré náà, ìdíje ọkọ̀ oníná ti Formula E. Láti 2021 ni ó ti ń wáyé ní ExCeL, ní Royal Docks. Èèyàn á wọ reluwé Elizabeth line ní Woolwich, nítòsí Thamesmead, reluwé á gba abẹ́ odò Thames kọjá, ibùdó àkọ́kọ́ tí yóò dúró sí ni Custom House, lẹ́nu ọ̀nà ExCeL gan-an.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọkọ̀ á sáré lórí títì níta, á já wọ inú gbọ̀ngàn lábẹ́ òrùlé, á sì tún jáde. Ó ṣòro fún ọkọ̀ elépo láti ṣe é, torí èéfín.

Ibi tó yẹ kí ọmọ fiyè sí jù ni bátìrì. Awakọ̀ tó bá fi eré àsápajúdé bẹ̀rẹ̀, iná rẹ̀ á tán kó tó dé òpin. Nítorí náà, bó bá ti dẹwọ́ eré, ẹ̀rọ ọkọ̀ á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì. Àwọn olùdarí Formula E sọ pé, nínú ọkọ̀ Gen3 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, bí ìdá 40 nínú 100 iná tí ọkọ̀ ń lò nínú eré ló ń ti ibẹ̀ wá. Ọmọ tí àlejò ti ròyìn jẹnẹrétọ̀ Nàìjíríà fún yóò tètè lóye rẹ̀.

Àwọn òbí kan lè ní eré olówó ni, kò kan ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ẹ wo Lewis Hamilton: Stevenage ló dàgbà sí, Grenada ni àwọn òbí bàbá rẹ̀ ti wá, ìgbà 7 ló sì ti gba adé Formula 1. Lẹ́yìn awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹnjiníà àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà wà tí wọ́n ń ṣírò iná. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Woolwich lè ṣe nìyẹn.

Lẹ́nu àwọn oníròyìn, orúkọ Thamesmead kì í jìnnà sí Belmarsh, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣí ní 1991 lórí ilẹ̀ Royal Arsenal, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń rọ ìbọn ńlá láyé àtijọ́. Kò yẹ kí ìyẹn nìkan jẹ́ ohun tí ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ mọ̀ nípa ilé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun lè ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ogún ọmọ, kí wọ́n kó wọn wọ reluwé láàárọ̀, kí wọ́n sì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bi ẹnjiníà kan ní ìbéèrè kan kó tó padà sílé.