Ọkùnrin Tó Jókòó Sórí Àga

Ẹnì kan gbé fídíò sórí WhatsApp àwọn ọkùnrin ìjọ wa, dróònù ń lé ológun kan káàkiri oko ní Ukraine. Ẹ̀rín ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ wá ń jiyàn: ṣé ẹni tó jókòó sórí àga, tó ń fi rìmóòtù pààyàn, ṣé ọkùnrin náà nìyẹn? Ẹlòmíì ní Dáfídì náà ò sún mọ́ Gòláyátì kó tó sọ òkúta.

Ẹ dákun, ẹ fi kànnàkànnà Dáfídì sílẹ̀. Gòláyátì rí i lójúkojú, ọ̀kọ̀ rẹ̀ sì lè bà á. Bẹ́ ẹ bá ń wá dróònù nínú ayé Dáfídì, ẹ lọ ka 2 Sámúẹ́lì orí 11. Ọba jókòó sílé ní Jerúsálẹ́mù, ó kọ lẹ́tà, Ùráyà sì kú lójú ogun.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ja ìjà yín yìí tipẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Leon Panetta tó jẹ́ olórí ètò ààbò wọn dá àmì-ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ fáwọn tó ń darí dróònù, ipò rẹ̀ ga ju Bronze Star lọ. Àwọn ológun àtijọ́ fárígá. Ní oṣù kẹrin, Chuck Hagel tó gba ipò rẹ̀ ti fagi lé e. Gbogbo ariwo yẹn, lórí ẹni tó ń yìnbọn ni o! Ẹni tí wọ́n ń yìn ín lù ńkọ́?

Ní 21 oṣù kejì 2010, àwọn tó wà ní Creech ní Nevada fi dróònù ṣọ́ ọkọ̀ mẹ́ta ní Uruzgan, ní Afghanistan. Àwọn tó ń wo àwòrán náà ní àwọn rí ọmọdé. Àwọn tó ń darí dróònù jiyàn, wọ́n ní ọkùnrin tó tó ogun jà ni. Hẹlikọ́pítà wá yìnbọn. Àwọn àgbà ìlú ní èèyàn 23 ló kú, ọmọdé wà lára wọn. Ẹ ṣáà rí i: kéèyàn jẹ́ ọkùnrin ti di ẹ̀sùn.

Ẹ má sọ pé ilẹ̀ òkèèrè ni. Lálẹ́ Sunday, 3 oṣù kejìlá 2023, dróònù ológun tiwa-n-tiwa ju bọ́ǹbù sórí àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri, ní Kaduna. NEMA ní òkú 85 ni wọ́n sin. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, àwa gan-an ò dárúkọ wọn lórí pẹpẹ. Ó ń dùn wá títí dòní.

Ọmọ yín ọkùnrin tó gbé ọkọ́ lọ sóko ní ìdájí, kí ló máa jọ lójú kámẹ́rà láti òkè?

Ẹni tó gbé fídíò yẹn síbẹ̀, kó yọ ọ́ kílẹ̀ tó mọ́.