Bẹ́ ẹ bá pè é ní ìrìn ọ̀rẹ́, ẹ dúró de ẹni ẹ̀yìn

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó ara yín jọ láàárọ̀ Sátidé láti wa kẹ̀kẹ́ ológeere lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà ni mo fẹ́ sọ. Èrò mi ò gùn: bẹ́ ẹ bá pè é ní ìrìn ọ̀rẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

2/ Ẹ wo ọ̀nà tiwa. Láti Alájùé níbí, tẹ́ ẹ bá gba Akòdà jáde sí Gbọ̀ngán, nǹkan bí 30 kìlómítà ni àlọ nìkan. Gúúsù lẹ dorí kọ. Nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn, láti Sàhárà lọ́hùn-ún, ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹ̀yìn yín ló ń tì. Gbogbo èèyàn á máa sáré, kálukú á rò pé agbára òun ni.

3/ Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ́rí padà lojú á là. Afẹ́fẹ́ tó tì yín lálọ ti kọjú sí yín, ẹsẹ̀ ti rò, eruku ti gbẹ ọ̀fun. Ẹni tó ń sá 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ 15 ń bọ̀ níwájú rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ 35 ló ṣe máa rí láyà rẹ̀. Tí eré afẹ́fẹ́ tó ń lu èèyàn bá sì di ìlọ́po 2, ìlọ́po 4 ni agbára tó fi ń tì í sẹ́yìn. Ibẹ̀ lẹgbẹ́ ti máa ń já.

4/ Mo ti wà lẹ́yìn rí. Lóṣù Kìíní kan báyìí, àwa méjì la ṣẹ́kù, à ń wo ẹ̀yìn àwọn tó kù títí eruku fi bò wọ́n. Tírélà tó bá kọjá á ti afẹ́fẹ́ lù wá, á tún fà wá mọ́ra. Táyà ẹnìkejì mi jò, pọ́ǹpù sì wà lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú pátápátá. Ká tó dé, wọ́n ti mu mínírà tán, wọ́n ti ya fọ́tò “gbogbo wa”. Látọjọ́ náà, ẹnìkejì mi ò wá mọ́.

5/ Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ẹlòmíì ni oògùn afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ẹni iwájú dáadáa, agbára tẹ́ ẹ máa ná lè dín kù tó ìdámẹ́rin, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nítorí pé kò lágbára ló wá ń dá gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ṣé ìyẹn bójú mu?

6/ Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun pàápàá mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, Biniam Girmay láti Ẹritríà di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí ní ìpele kan nínú Tour de France. Nínú irú ìdíje yẹn, iṣẹ́ àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ni kí wọ́n gba afẹ́fẹ́ fún ẹlòmíì. Tí àwọn tó ń du owó bá ń ṣe é, àwa tá à ń ṣeré ńkọ́?

7/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: “Tá a bá ń dúró de gbogbo èèyàn, àwa tára wa le ò ní gbádùn.” Ẹ bọ́ síwájú, kẹ́ ẹ gba afẹ́fẹ́ fún àwọn tó kù. Ara yín á gbọ́ ọ! Ẹni tó bá fẹ́ sáré tán pátápátá, kó kéde eré ìje lọ́jọ́ míì. Kò sẹ́ni tó ní kó má sáré.

8/ Ohun tí mo fẹ́ ká máa ṣe rèé:
– Kí ẹni tó rọra ń bọ̀ jù ló máa pinnu eré.
– Kí àwọn tó lágbára máa gba iwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n máa pààrọ̀.
– Kí ẹnì kan tó mọ ọ̀nà wà lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú pọ́ǹpù, súlọ́ṣọ̀n àti iná ẹ̀yìn.
– Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ má lẹ̀ mọ́ táyà iwájú. Kó fi àyè tó kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀.
– Ká kọ́kọ́ dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí ara ṣì le. Nígbà ọyẹ́, ká gba Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, kó lè tì wá wálé. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọ̀nà òkun bọ̀, ká kọ́kọ́ lọ sí Gbọ̀ngán.

9/ Àwa obìnrin tá à ń gun kẹ̀kẹ́ ti ń gbọ́ èébú tó pọ̀ tó lójú títì. Kò yẹ kó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ wa ló máa fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣètò ìrìn yín kí Sátidé tó ń bọ̀ tó dé. Tá a bá jọ lọ, ẹ jẹ́ ká jọ bọ̀.