Kí Ìmọ̀ Má Kú sí Yàrá Ìwádìí

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Bakitéríà, ẹ̀dá bíńtín tí ojú lásán kò lè rí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ mọ́ ohun mìíràn ju àìsàn lọ, ti ń ṣe ike nínú ara rẹ̀ kí ọmọ ènìyàn tó mọ ohun tí ń jẹ́ ike. Ní ọdún 1926, Maurice Lemoigne, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Institut Pasteur ní Párísì, ṣàlàyé ohun kan tí ó rí nínú bakitéríà Bacillus megaterium. PHB ni a ń pe ohun náà lónìí, irú ike kan ni. Nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀ yanturu fún irú bakitéríà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí náítírójìn tí yóò fi dàgbà wọ́n, a máa tọ́jú àṣẹ́kù sínú ara rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sí àká de ọjọ́ ìyàn. A lè yọ́ ìṣúra yìí, kí a fi mọ ìgò. Bí a bá sì rì í mọ́lẹ̀, àwọn bakitéríà mìíràn yóò jẹ ẹ́ tán.

Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kọjá kí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó mú jíìnì tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí wọ́n fi í sínú E. coli, bakitéríà inú ìfun wa, kí òun náà lè máa ṣe ike. Ní 1990, ìgò ọṣẹ ìfọrun Wella tí a fi ike bakitéríà ti ilé-iṣẹ́ ICI ṣe dé orí àtẹ ní Jámánì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ike epo rọ̀bì lọ, iṣẹ́ náà sì di ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń gbà lọ́wọ́ òmíràn.

Ti fẹ́ráìtì, ohun mìíràn tí ó ti yàrá ìwádìí jáde, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Tokyo ní 1930, Yogoro Kato àti Takeshi Takei po ìpẹtà irin mọ́ ti àwọn mẹ́táàlì mìíràn, wọ́n sun ún nínú iná, ó di òòfà dúdú líle tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Nínú irin lásán, iná tí ń yí padà kíákíá a máa bí iná mìíràn tí ń pòòyì nínú irin náà, tí í mú un gbóná, tí í fi agbára ṣòfò. Fẹ́ráìtì kò gbà fún un, nítorí ohun tí a fi ṣe é fúnra rẹ̀ ń dènà iná gidigidi. Ní 1935, a ti rí ẹni tí yóò fi owó lé e: ọdún náà ni a dá TDK sílẹ̀ láti ṣe é fún títà. Lónìí, ó wà nínú rédíò àti ṣájà fóònù.

Àwọn kan yóò ní ọjà ni ó yan ọ̀kan, tí ó kọ èkejì. N kò gbà, nítorí iye tí a ń ra ike epo rọ̀bì kì í ṣe iye rẹ̀ gan-an: ẹni tí àgbàrá wọ ilé rẹ̀ nítorí ọ̀rá tí ó dí gọ́tà ni ó ń san ìyókù. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe bàbá, ṣùgbọ́n ó di dandan kí ẹnìkan dúró gbọ́ ọ.

Ìjọba Èkó fi òfin de ike oúnjẹ funfun fúyẹ́fúyẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, a sì lè sọ sítáàṣì inú èèpo rẹ̀ di ṣúgà tí bakitéríà yóò jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe òfin, ẹ fún àwọn yàrá ìwádìí ní yunifásítì wa ní owó tí kò ní dáwọ́ dúró, àti iná tí kò ní kú mọ́ wọn lọ́wọ́.